Ibùgbé, Sàkání àti Ìwọ̀n-Ewu: Ọ̀rọ̀-Ìperí Mẹ́ta Lórí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Inú Ẹgàn

Nínú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ àti ẹranko, ìbéèrè mẹ́ta ni òǹkàwé máa ń fẹ́ kí òǹkọ̀wé dáhùn. Irú ibo ni ẹ̀dá náà ń gbé? Láti ibo dé ibo ni a ti lè rí i? Báwo ni ó ti sún mọ́ àkúrun tó? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìperí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá yóò rí i pé ibùgbé ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu fún méjì àkọ́kọ́, àti pé ipò ìdáàbòbò ni ó máa ń wá fún ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ni méjèèjì. Síbẹ̀, bí a bá fi wọ́n kọ ìtàn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan tí ó ń gbé inú ẹgàn ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tí òǹkàwé yóò gbà gbọ́ yóò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn onímọ̀ sọ.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè nìkan. Láti ìgbà tí ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ni ó ti hàn gbangba pé ọmọ Yorùbá lè fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e yékéyéké. Ohun tí ó bá yé ọmọ ni yóò bá dàgbà. Bí ọ̀rọ̀-ìperí bá sọ fún un pé kò séwu fún ẹyẹ kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni pé ẹ̀rí ewu kò tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ tí ó yé e dáradára náà ni yóò ṣì í lọ́nà.

Orúkọ ẹyẹ náà

Orúkọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni Yorùbá ń pe ẹyẹ tí ó ń fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ sí abẹ́ òrùlé. Orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ẹyẹ kékeré abìyẹ́-gígùn tí ó ń fò yíká òkè ìlú ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ariwo, tí ó sì ń tẹ́ ìtẹ́ sí abẹ́ afárá àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ kò gbà pé ẹbí kan ni wọ́n. Wọ́n ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọ̀wọ́ àwọn ẹyẹ akọrin, èyí tí ẹ̀gà àti ológosẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì ka ti èkejì mọ́ ìbátan àwọn ẹyẹ kéékèèké ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fa omi dídùn inú òdòdó. Iṣẹ́ kan náà ni ó fún àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ méjèèjì ní ìrísí kan náà: inú afẹ́fẹ́ ni àwọn méjèèjì ti ń mú kòkòrò jẹ.

Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti tijú nítorí pé Yorùbá pa wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Linnaeus, tí gbogbo ayé gbà ní baba ìsọlórúkọ ohun abẹ̀mí, ṣe bákan náà ní 1758. Ó pe alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan láti Amẹ́ríkà ní Hirundo pelagica, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ kà á mọ́ àwọn amọ-ẹrẹ̀. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹyẹ náà yóò tún wọ inú ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

Ẹsẹ̀ ni ó tètè ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Amọ-ẹrẹ̀ a máa bà lórí wáyà iná àti ẹ̀ka igi. Èkejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, èékánná rẹ̀ sì mú, tí ó fi jẹ́ pé rírọ̀ ni ó máa ń rọ̀ mọ́ ara ògiri tàbí ara igi. Ìdí nìyí tí orúkọ ẹbí rẹ̀ lédè àwọn onímọ̀, Apodidae, fi ti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí aláìlẹ́sẹ̀ wá. Bí Yorùbá bá tú ìyẹn bẹ́ẹ̀, àṣìṣe àwọn ará àtijọ́ ni yóò sọ di ìmọ̀ fún àwọn ọmọ òde òní, nítorí pé ẹyẹ náà ní ẹsẹ̀.

Ohun tí ó dára jù láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń tẹ́ ìtẹ́. Itọ́ ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kejì fi ń lẹ ìtẹ́ tirẹ̀. Èyí tí ó ń gbé ìgboro, Apus affinis, a máa fi itọ́ lẹ ìyẹ́ àti koríko pọ̀ mọ́ abẹ́ òrùlé. Èyí tí ó ń gbé orí ọ̀pẹ àti àgbọn, Cypsiurus parvus, a tilẹ̀ máa fi itọ́ lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara imọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gbọ̀n ọ́n dànù. Nítorí náà, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ onítọ́ ni ó bá iṣẹ́ wọn mu. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn kan wà láàrin ẹlẹ́rẹ̀ tí wọn kò mọ ẹrẹ̀ rárá, tí ó jẹ́ pé ihò ni wọ́n ń gbẹ́ sí etí odò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ yàtọ̀ sí oríkì. Iṣẹ́ orúkọ ni láti tọ́ka, iṣẹ́ oríkì ni láti ṣàlàyé.

Láàrin àwọn onítọ́, ọ̀wọ́ kan wà tí ọ̀pá àárín ìyẹ́ ìrù wọn gùn kọjá ìyẹ́ fúnra rẹ̀, tí ó sì ṣe ṣónṣó bí ẹ̀gún. Onírù-ẹ̀gún ni ó tọ́ láti pè wọ́n. Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé nínú wọn ni Rhaphidura sabini, tí John Edward Gray fún ní orúkọ ní 1829. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí aró. Ikùn rẹ̀ funfun, ìbàdí rẹ̀ sì funfun. Ìyẹ́ funfun tí ó ti ìbàdí náà wá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìrù mọ́lẹ̀. Sabine inú orúkọ yẹn kò sọ ohunkóhun fún ọmọ ilé-ìwé kan ní Òǹdó tàbí Ìjẹ̀bú. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè pè é ní onídìí-funfun, nítorí pé ìbàdí onítọ́ ìgboro náà funfun. Onírù-ẹ̀gún ẹgàn ni iṣẹ́ yìí yóò máa pè é. Bí a bá fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn onírù-ẹ̀gún mìíràn tí wọ́n ń gbé inú igbó, kí a kọ orúkọ rẹ̀ lédè àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé e.

Ibùgbé

Ibùgbé ni irú ibi tí ẹ̀dá kan nílò láti lè wà láàyè. Kì í ṣe ìtẹ́. Inú ibùgbé ni ìtẹ́ máa ń wà. Kì í sì í ṣe orúkọ ìlú tàbí orílẹ̀-èdè. Ní ti onírù-ẹ̀gún ẹgàn, igbó òjò ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀. Níbi yìí, Yorùbá kò tòṣì ní ọ̀rọ̀. Kódà ó lọ́rọ̀ ju ohun tí àwọn olùtumọ̀ ń lò lọ. Àgbẹ̀ àti ọdẹ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀dàn, àkùrọ̀, igbó tí ó hù padà lórí oko àtijọ́, àti ẹgàn tí àdá kò kàn rí. Bí ìwé bá kọ igbó lásán, gbogbo ìwọ̀nyẹn ni ó dà pọ̀. Ẹgàn ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, nítorí pé ohun tí ẹyẹ yìí nílò kò sí nínú igbó tí kò pẹ́.

Ohun náà ni igi ńlá tí inú rẹ̀ ti dihò. Lójú ọ̀run, òkè orí igi, ibi tí igi ti wó tí ojú sánmà fi là, àti òkè odò ni ẹyẹ náà ti ń ṣọdẹ kòkòrò. A lè rí i lókè etí igbó àti lókè ọ̀nà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rí i níbẹ̀ lè rò pé afẹ́fẹ́ ni ibùgbé rẹ̀, àti pé afẹ́fẹ́ kò lè tán láéláé. Ṣùgbọ́n inú ihò igi ni àwọn onírù-ẹ̀gún inú igbó ti ń tẹ́ ìtẹ́. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ gbígbẹ ni wọ́n fi itọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri inú ihò náà, bí ìdajì àwo pẹrẹsẹ, wọn a sì rọ̀ mọ́ ara igi, wọn a fi ẹ̀gún ìrù gbé ara ró. Ìrù náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí irú ilé tí ẹyẹ náà ń gbé.

Igi kì í dihò lọ́jọ́ kan. Ó ní láti dàgbà, kí ẹ̀ka rẹ̀ ya, kí olú àti ikán wọ inú rẹ̀, kí ó sì wà ní ìdúró fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí. Irú àràbà àti ìrókò tí ó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni àwọn agégi ń wá, àwọn èyí tí ihò ti bà jẹ́ sì ń bá wọn ṣubú. Ní igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ibi ìtọ́jú ohun abẹ̀mí ní 1977, apá ńlá ni wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti gbin Gmelina, igi tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá. Lójú ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, igbó ṣì ni. Ewé rẹ̀ tutù, ó sì bo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí a gbìn kí ó lè tètè dàgbà kí a sì gé e kì í pẹ́ débi tí yóò dihò. Oko kòkó sàn díẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ ìṣáájú a máa fi igi ńlá díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ nítorí òjìji. Bí àwọn igi wọ̀nyẹn bá ti lọ, kò sí ohun tí ó ń rọ́pò wọn.

Sàkání

Bí ènìyàn bá béèrè ibi tí a ti lè rí onírù-ẹ̀gún ẹgàn, ìdáhùn gùn. Láti Guinea àti Sàró ni, ó gba Làìbéríà, Ivory Coast, Gánà, gúúsù Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù àti Kóńgò méjèèjì, ó fi dé Ùgáńdà àti ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Ohun tí máàpù inú ìwé ń fi hàn nìyí, bí ìgbànú tí a kùn ní àwọ̀ kan yíká àárín Áfíríkà. Pípe èyí ní ibùgbé ni àṣìṣe tí ó burú jù lọ. Ọmọ tí ó bá wo máàpù náà yóò rò pé gbogbo ibi tí a kùn ni ẹyẹ ń gbé.

Sàkání ni ó yẹ kí a pe èyí. Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan kò sí ní sàkání ẹnìkan, ààlà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Kò túmọ̀ sí pé ẹni náà jókòó sí gbogbo igun tí ó wà láàrin ààlà náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹyẹ. Láti ìlà-oòrùn Gánà, gba Tógò lọ sí Olómìnira Benin, ọ̀dàn ya igbó òjò sí méjì ó sì wá dé etí òkun. Àlàfo Dahomey ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Àlàfo ńlá nìyẹn, máàpù sì lè fi í hàn. Àwọn àlàfo kéékèèké, láti Ìbàdàn dé Òǹdó, láti Kùmásì dé etíkun, tí ìlú, ojú ọ̀nà àti oko ti gbà, kéré ju ohun tí máàpù bẹ́ẹ̀ lè fi hàn lọ. Nítorí náà, sàkání lè dúró bí ó ti wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ibùgbé inú rẹ̀ sì máa dín kù lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì kò tilẹ̀ lè sọ gbólóhùn tí ó ṣáájú yìí.

Ìwọ̀n-ewu

Ẹgbẹ́ àgbáyé tí ó ń rí sí ìtọ́jú ohun abẹ̀mí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IUCN, bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Láti 1964 ni ó ti ń ṣe àkójọ tí a ń pè ní Ìwé Pupa, nínú èyí tí ó ń to àwọn ohun abẹ̀mí sí ìpele gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sún mọ́ àkúrun tó. Ìpele yìí ni ó máa ń di ipò ìdáàbòbò lẹ́nu olùtumọ̀, ìtumọ̀ náà kò sì tọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé òfin tàbí ìjọba ni ó ń dáàbò bo ẹyẹ náà dé ìwọ̀n kan. Ìwé Pupa kì í dáàbò bo ohunkóhun. Wíwọ̀n ni ó ń wọn ewu. Ìwọ̀n-ewu ni kí a pè é.

Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ni onírù-ẹ̀gún ẹgàn wà. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ìpele yìí ń sọ pé àníyàn lórí ẹ̀dá náà kéré jù lọ, kò sì sí ohun tí ó rọrùn ju kí a tú u sí kò-séwu lọ. Kí ni ó gbé ẹyẹ náà síbẹ̀? Kí ẹ̀dá kan tó lè gòkè dé ìpele tí a ti ń pè é ní ẹni ewu, ó ní láti kọjá ààlà kan nínú ọ̀pọ̀. Bí àpẹẹrẹ, kí sàkání rẹ̀ kéré sí 20,000 kìlómítà níbùú lóròó, kí ìṣòro mìíràn sì tẹ̀ lé e. Tàbí kí àwọn tí ó ti dàgbà kéré sí 10,000 kí wọ́n sì máa dín kù. Tàbí kí iye rẹ̀ ti fi ìdá 30 nínú 100 dín kù láàrin ọdún mẹ́wàá tàbí ìran mẹ́ta, èyí tí ó bá gùn jù. Sàkání onírù-ẹ̀gún ẹgàn gbòòrò jìnnà kọjá ti àkọ́kọ́. Ní ti méjì yòókù, ẹni tí yóò dáhùn ní láti kọ́kọ́ ka ẹyẹ náà, kò sì sí ẹni tí ó tíì kà á. Títóbi sàkání ni ó gbé e sí ìpele ìsàlẹ̀.

Láti mọ ohun tí kíkà lè fi hàn, ó yẹ kí a padà sí ẹyẹ Linnaeus, Chaetura pelagica, tí òun náà jẹ́ ìbátan àwọn onírù-ẹ̀gún. Ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti gúúsù Kánádà ni ó ti ń pamọ. Inú ihò igi ńlá ni ó ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé tí wọ́n gé igbó, ó kó wọ inú òpó èéfín ilé wọn, ó sì ń bí sí i níbẹ̀. Ibi tí ó ń lọ nígbà òtútù ṣókùnkùn sí àwọn onímọ̀ títí di 1944, nígbà tí òrùka onínọ́ńbà 13, tí wọ́n ti fi sí ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ náà ní Àríwá Amẹ́ríkà, dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ inú igbó Peru tí wọ́n pa wọ́n. Sàkání ẹyẹ yìí gbòòrò gan-an. Bí ó bá jẹ́ sàkání nìkan ni, ìpele ìsàlẹ̀ ni ìbá wà títí di òní. Ṣùgbọ́n láti 1966 ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ lọ́dọọdún lójú àwọn ọ̀nà kan náà ní Àríwá Amẹ́ríkà. Kíkà yẹn ni ó fi hàn pé ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ó ti lọ. Wọ́n ń fura sí dídí àwọn òpó èéfín àti dídínkù kòkòrò. Ní 2010 Ìwé Pupa gbé e sókè ní ìpele kan. Ní 2018 ó tún gbé e dé ìpele àwọn tí ó ti wọ inú ewu.

Ẹyẹ méjì tí ìṣẹ̀dá wọn jọra: a ka ọ̀kan, a kò ka èkejì. Ìtumọ̀ tí ó bá pe èkejì ní kò-séwu ti sọ àìkà di àlàáfíà. Ewu-kò-tíì-hàn ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí dábàá fún ìpele náà. Ó bá ẹyẹlé, tí ó pọ̀ lọ jàra, mu; ó sì bá ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò kà mu láìpa irọ́ lórí èyíkéyìí nínú wọn. Kí ìpele tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ etí-ewu, kí èyí tí ẹyẹ Amẹ́ríkà náà wà jẹ́ inú-ewu, kí méjì tí ó tún gòkè jẹ́ ewu-ńlá àti bèbè-àkúrun, kí òkè pátápátá sì jẹ́ àkúrun. Fún ẹ̀dá tí àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti wọn ewu rẹ̀ tí wọn kò sì rí ohun tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n, ìmọ̀-kò-tó tọ́. Ohun tí ó ṣòro láti sọ lórúkọ ni ẹ̀dá tí ó ti tán nínú igbó ṣùgbọ́n tí ó ṣì kù ní àhámọ́ ọgbà ẹranko. Àkúrun-nígbó sún mọ́ ọn, àmọ́ kò dùn lẹ́nu, bóyá ẹlòmíràn yóò rí èyí tí ó sàn jù ú.

Kí àwọn olùṣe ìwé atúmọ̀ tó fi òǹtẹ̀ lu onírù-ẹ̀gún ẹgàn, ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó lè ti ní orúkọ fún un. Ọdẹ a máa rí ẹyẹ náà lójú ọ̀run, ó sì lè pè é ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bí ti ìlú. Agégi ni ó ń rí inú igi lẹ́yìn tí ó bá ṣubú: ìtẹ́ bí ìdajì àwo, ẹyin funfun, ọmọ tí kò tíì híyẹ́. Ní àgọ́ àwọn agégi ní Omo àti ní igbó ọba Olúwa ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà.